Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Béèrè Pé Fídíò Náà Dà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti sé kálukú mọ́lé, ẹnì kan kàn sí Salawa Abeni. Ó ní àwòrán ìhòòhò rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, àti pé bí kò bá sanwó, òun yóò tú u síta kí gbogbo ayé rí i.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ Salawa dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ọdún 1976 ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, èyí tó fi dárò Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa lọ́dún náà, ọmọ ọdún bíi 15 sì ni nígbà yẹn. Orin wákà tí Batile Alake ti gbé kúrò láàárín àwọn obìnrin Mùsùlùmí wọ inú àwo, Salawa ló gbà á tó gbé e káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá ń bá onílù rìn lóru kò lè gbélé ọkọ. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n sì ń ra àwo rẹ̀. Ní 1992, Aláàfin Lámídì Adéyẹmí gbé adé orin wákà lé e lórí. Obìnrin tó ti dàgbà, tó ti bímọ, tó ti fi ohùn rẹ̀ dá wa lára yá fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, òun ni wọ́n fẹ́ fi ara rẹ̀ dẹ́rù bà.

Salawa ò sanwó. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Instagram tòun ti àwòrán, ó sọ fún ayé pé ẹnì kan ń fi èyí halẹ̀ mọ́ òun. Àwọn ọlọ́pàá Èkó wá ẹni náà rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga ni, ọmọ ọdún 19.

Ọjọ́ orí yẹn ló gún mi lọ́kàn jù. Níbo ni ọmọ ọdún 19 ti kọ́ ọ pé ara obìnrin tó lè jẹ́ ìyá ìyá rẹ̀ ṣeé fi gbowó? Ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ ọ. Ó ti ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ àwòrán àwọn olórin obìnrin. Àwòrán lásán ò níye lórí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnu wa ni ọmọ yẹn fẹ́ tà fún Salawa. Ó mọ̀ pé bí àwòrán náà bá jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò pè é ní aṣẹ́wó, wọn yóò pè é ní arúgbó tí kò nítìjú. Ẹ̀rù ẹnu yẹn ló fẹ́ kí ó fowó rà. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ọmọ yẹn gun àjà. Àwa ta ni a tẹ́wọ́ nísàlẹ̀?

Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tó fi kan olórin Tiwa Savage. Ní oṣù kẹwàá 2021, ó jókòó lórí rédíò kan ní New York, lọ́dọ̀ atọ́kùn ètò Angie Martinez, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ẹnì kan ń béèrè owó lọ́wọ́ òun nítorí fídíò òun àti ẹni tí àwọn jọ ń fẹ́ra. Ó ní òun ò ní san án, torí ẹni tó bá gbà lónìí yóò tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré. Kò pẹ́ sígbà náà tí fídíò náà fi jáde.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀sẹ̀ yẹn, torí ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀. Obìnrin kan ti jáde síta láti sọ pé wọ́n fẹ́ ja òun lólè, ìbéèrè tó sì gba ẹnu yín kan ni pé fídíò náà dà. Orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ pẹ̀lú Brandy, ẹ sọ àkọlé rẹ̀ di yẹ̀yẹ́. Èèyàn méjì ló wà nínú fídíò, èèyàn méjì tó dàgbà, tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí wọn ò fi ṣọwọ́ sí yín. Ẹyọ ẹnì kan péré lẹ bú.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo wà níbi ìnáwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin jókòó sí tábìlì ẹ̀yìn mi, orí wọn papọ̀ sórí fóònù kan, ọ̀kan fi fìlà ṣíji bo ojú fóònù kí oòrùn má baà dí wọn lójú. Mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa Tiwa: ọlọ́ṣó, abilékọ tó ń ta ara, kò ro ti ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni dìjéè fi orin obìnrin kan náà sí i. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde, fóònù wọ àpò, fìlà padà sórí, wọ́n bọ́ sójú agbo. Wọ́n mọ gbogbo orin náà lórí, kò sí ibi tí wọ́n ti ṣì í. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo pe ọ̀kan tí mo mọ ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, orin ta lẹ jó sí yẹn?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Mi ò bínú. Ìdáhùn ni mo fẹ́, n kò sì rí i gbà.

Ẹ jẹ́ ká wá yí i sọ́dọ̀ ọkùnrin. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1978, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn sójà dáná sun ilé rẹ̀ tó ń jẹ́ Kalakuta, olórin Fela gbé obìnrin 27 níyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Akọrin àti oníjó inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn nínú wọn sì wà nílé náà lọ́jọ́ tí àwọn sójà ya wọ ibẹ̀, wọ́n jẹ ìyà tí ẹnu kò gbọdọ̀ máa sọ láàárín ọmọdé. Ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn sọ Fela di ọkùnrin mẹ́ta lójú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Títí dòní, tí oṣù kẹwàá bá dé tí ẹ bá ń ṣe Felabration, ayẹyẹ ìrántí rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín lẹ fi ń sọ ti ìyàwó 27 yẹn. Àwọn obìnrin náà ńkọ́? Amugbó, ọmọ ìta, aṣẹ́wó ni ìgboro Èkó ń pè wọ́n. Ègbè tó ń gbe orin Fela lẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀, ohùn wọn ni. Ijó tí àwọn òyìnbó ń sanwó wá wò, ara wọn ni. Ẹ dárúkọ márùn-ún nínú wọn fún mi. Nígbà tí Fela ti ẹ̀wọ̀n dé ní 1986, ó tú àwọn ìgbéyàwó náà ká, ìyẹn náà ẹ tún fi ń yìn ín.

Mi ò ní kí ẹ má fẹ́ràn Fela. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ìgboyà rẹ̀ ga. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ọjọ́ kan náà, ilé kan náà, ìgbéyàwó kan náà ló sọ ọ̀kan di akọni, tó sì sọ àwọn 27 di ẹni ẹ̀gàn.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Houston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2004, Janet Jackson àti Justin Timberlake ń kọrin níbi àṣekágbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Super Bowl. Ọwọ́ Justin ló fa aṣọ tí ọmú Janet fi yọ síta, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi bò ó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Justin wà níbi ayẹyẹ Grammy tó ń gba ẹ̀bùn, Janet ò sí níbẹ̀. Ní 2018 wọ́n tún pe Justin padà sí Super Bowl láti wá kọrin. Ọdún 2021 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Janet ní gbangba. Ọwọ́ ló fa aṣọ, àyà ni wọ́n fìyà jẹ.

Ní tiyín, ìjà tí ẹ ń bá ara yín jà ló ń ká mi lára jù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olólùfẹ́ olórin, ẹ̀yin Wizkid FC, ẹ̀yin 30BG, ó yé mi pé ẹ fẹ́ràn olórin yín, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwo, ọ̀rọ̀ ohùn, ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn tó kún ló yẹ kí ẹ máa fà mọ́ra yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìjà náà kì í pẹ́ kó tó kó sórí obìnrin: ìyá ọmọ olórin, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, akọrin obìnrin tó bá a kọrin lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ óò máa ka iye ọkùnrin tó ti fẹ́ ẹ rí. Obìnrin mẹ́ta lè bímọ fún olórin yín, ẹ óò ní bàbá ni, ó ń jayé orí ẹ̀. Ọkùnrin bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ lórí ìtàgé, ẹ hó yè. Obìnrin wọ ṣòkòtò péńpé, ẹ ní ó ń ta ara.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má rò pé mo yọ yín sílẹ̀, torí nígbà mìíràn ẹnu yín ló ń mú jù. Mo mọ ohun tó ń fà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ nàka sí ẹlòmíràn a máa rò pé wọn ò ní í nàka sí òun. Wọn yóò nà án. Ọmọkùnrin tó ń bá yín bú olórin lónìí, òun náà ni fọ́tò yín wà lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ ń sọ sí Tiwa, ó ti há a sórí, kò ní wá òmíràn kiri lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ òun mọ́.

Ẹ lè bi mí pé ṣé ìwà ò wá ṣe pàtàkì mọ́ ni. Ó ṣe pàtàkì, ẹ̀yin ọmọ mi. Orin wà tí mi ò ní í jẹ́ kí ọmọ kékeré gbọ́ nínú ilé mi, ti obìnrin wà níbẹ̀, ti ọkùnrin ló sì pọ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ bá olórin wí, kó fi ẹnu kan náà bá gbogbo wọn wí. Ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ń tóbi lọ́dọ̀ obìnrin, tó ń kéré lọ́dọ̀ ọkùnrin, obìnrin ló ń ṣọ́, kì í ṣe ìwà. Ohun tí ẹnìkan sì ṣe ní kọ̀rọ̀ iyàrá rẹ̀, tí olè wá gbé jáde, kò sí nínú ohun tí wọ́n fi jẹ yín lọ́ba lé lórí.

Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà fi ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ halẹ̀ mọ́ èèyàn gbowó, ó sì kan ẹni tó ń fi àwòrán ìṣekúṣe ṣọwọ́ kiri. Ọ̀pọ̀ yín rò pé ẹni tó jí fídíò nìkan lòfin ń wá.

Òmíràn yóò tún jáde, ìyẹn dájú. Bó bá dé sórí fóònù yín, ẹ má ṣí i, ẹ pa á rẹ́. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó fi ṣọwọ́, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, pé kó má fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín mọ́. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni àwọn tó kù máa ń tẹ̀ lé, ẹ má jẹ́ kí aláìnítìjú ṣíwájú yín. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tàbí àbúrò yín ni wọ́n ń fi fọ́tò halẹ̀ mọ́, ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi yà á. Ẹ ní kó má san kọ́bọ̀. Kó má pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kọ, nọ́ńbà tó fi pè àti àkáǹtì tó ní kó sanwó sí, ẹ pa gbogbo rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an.