Wáyà Kan, Ẹ̀rọ Mẹ́ta: Bí A Ti Í Ṣètò Ẹ̀rọ Tí Ń Pín Wáyà Tẹlifóònù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kan gbogbo ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn.

Láti ọdún 1929 ni a ti ń wọn gíga Odò Ọya ní Niamey. Ìgbà méjì ni odò náà máa ń kún níbẹ̀ lọ́dún. Ẹ̀kún kìn-ín-ní ń wá láti inú òjò tí ó rọ̀ nítòsí, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án. Omi rẹ̀ a máa pọ́n. Ẹ̀kún kejì ń ti òkè ilẹ̀ Gínì bọ̀, ó sì ń pẹ́ lọ́nà kí ó tó dé ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní. Èyí tí ó pọ́n ni ó ń yára dé. Ní ọdún 2012 àti 2020 omi wọ ilé àwọn ará Niamey. Omi yìí kan náà ni ó sì ń ṣàn lọ sí Malanville ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti sí Jẹ́bà ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ìròyìn gíga omi kò gbọdọ̀ pẹ́.

Ní àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ tí a pè ní HYDRONIGER gbé ẹ̀rọ sí etí odò láti máa fi ìròyìn ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Níbi tí wáyà tẹlifóònù bá dé, a lè lo wáyà náà. Ẹ jẹ́ kí a ro ibùdó kan tí ó ní wáyà kan ṣoṣo, tí tẹlifóònù olùṣọ́, fáàsì, àti ẹ̀rọ tí ń wọn omi jọ ń lò ó. Ẹ̀rọ tí ń wọn omi yìí ní módẹ́ẹ̀mù, èyíinì ni ohun tí ń sọ nọ́ńbà di ìró tí wáyà lè gbé. Bí a bá kàn so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dáhùn ni yóò gba ìpè, bí kò tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ̀rọ olùpín sí àárín wọn.

Olùpín kò ní ojú. Etí nìkan ni ó ní. Òun ni yóò kọ́kọ́ dáhùn ìpè, yóò sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí fáàsì bá ni ó pè, yóò gbọ́ ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 1100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ń dún fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, tí yóò sì dákẹ́ fún mẹ́ta. Bí ẹni tí ó pè bá tẹ bọ́tìnì, ìró méjì ni bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ń mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ti 5 jẹ́ 770 àti 1336. Bí ìwọ̀nyí bá bá nọ́ńbà àṣírí mu, olùpín yóò so ìpè mọ́ ẹ̀rọ omi. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, yóò lu agogo tẹlifóònù olùṣọ́.

Ohun mẹ́ta ni kí a kíyè sí bí a bá ń ṣètò rẹ̀.

Èkíní, nọ́ńbà àṣírí. Ẹ pààrọ̀ èyí tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Módẹ́ẹ̀mù tí ń pè láti ọ́fíìsì gbọdọ̀ dúró kí olùpín dáhùn kí ó tó tẹ nọ́ńbà yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Nínú àṣẹ módẹ́ẹ̀mù, àmì kọ́mà kan sábà jẹ́ ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí ìpè bá ń pẹ́ lọ́nà, ẹ fi kọ́mà kún un.

Èkejì, ipò. Ẹ má ṣe so tẹlifóònù kankan mọ́ wáyà ṣáájú olùpín, nítorí ẹni tí ó bá gbé e yóò já ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbà.

Ẹ̀kẹta, àkókò. Ẹ fi gbèdéke sí i, kí ẹ̀rọ tí ó ti dákẹ́ má baà di wáyà mú nígbà tí olùṣọ́ fẹ́ ké gbàjarè.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣòro jù kù sẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ń fi agbára bíi fólítì 48 ránṣẹ́ lórí wáyà, nítorí náà tẹlifóònù lásán lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ilé bá kú. Olùpín ní tirẹ̀ ń jẹ iná ilé. Bí iná bá lọ, púpọ̀ nínú wọn a so wáyà mọ́ tẹlifóònù tààrà, a kò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ omi mọ́. Ìjì àti òjò tí ń mú omi kún ni ó sì ń pa iná! Ẹ so bátìrì mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, kí ẹ sì pe ibùdó náà láti mọ ẹni tí yóò dáhùn. Ẹ kọ́ olùṣọ́ láti ka igi ìwọn tí ó dúró nínú omi, kí ó lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí ẹ̀rọ kò lè sọ. Ètò tí a kò dán wò nínú òkùnkùn, a kò tíì ṣe é tán.

Ìbéèrè

1. Èéṣe tí tẹlifóònù àtijọ́ tí a ń yí, tí kì í mú ìró bọ́tìnì jáde, kò fi lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ omi?
2. Ọ́fíìsì pe ibùdó, olùṣọ́ ni ó dáhùn dípò ẹ̀rọ. Dárúkọ ohun méjì tí ó lè fa èyí.
3. Ní ìlú rẹ, ta ni yóò ka omi bí iná bá kú?