Bí Ẹ Bá Gbọ́ Òórùn Gáàsì Nínú Ilé

Gáàsì tí a fi ń dáná kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń pèsè rẹ̀ ló ń po nǹkan olóòórùn mọ́ ọn, kí á lè tètè fura. Bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ló ṣe ń rùn. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn yìí, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Gáàsì inú ṣílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í lọ sókè bí èéfín. Ilẹ̀ ló máa ń bá lọ bí omi, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé yàrá kejì. Bí ó bá ti tó bí ìdá 2 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó lè gbiná.

Kí ni yóò wá ràn án? Ìṣáná nìkan kọ́ o. Bí a bá tẹ suwíìṣì, iná máa ń ta pàrà nínú rẹ̀, bí ojú wa ò tilẹ̀ rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ pa fáànù, wọ́n rò pé àwọn ń gba ilé là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àti títàn àti pípa, ewu kan náà ni. Bí ó bá wà ní títàn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà ní pípa, ẹ má tàn án. Ẹ má sì pẹ́ nínú ilé, torí bí iná mànàmáná bá dé lójijì, fíríìjì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Bí ọwọ́ yín bá tó ṣílíńdà láìséwu, ẹ yí kọ́ọ̀kì rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún títí yóò fi dì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé bí ẹ ti ń jáde. Ẹ gbé ọmọdé, ẹ mú àgbàlagbà dání. Ẹ fi ẹnu pe àwọn ará ilé, kí wọ́n má tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì pa ààrò wọn. Bí òórùn náà bá le, ẹ gbàgbé kọ́ọ̀kì, ẹ máa lọ. Ìta, níbi tó jìnnà sílé, ni kí ẹ ti lo fóònù: 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì; ní Èkó, 767 náà wà.

Bí òórùn bá ti lọ tán, tí kọ́ọ̀kì sítóòfù gáàsì sì wà ní pípa, ẹ ṣí ti ṣílíńdà díẹ̀ ní ìta gbangba. Ẹ fi omi ọṣẹ pa rọ́bà àti ẹnu ṣílíńdà. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹ tì í padà kíá, kí ẹ má sì lò ó títí oníṣẹ́ gáàsì yóò fi pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́.