Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Òkú Ológun àti Òkú Àgbẹ̀

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, wọ́n máa ń gbé òdòdó ẹ̀yẹ sílẹ̀ ní gbàgede Fájuyì, l'Ádó-Èkìtì, láti fi rántí àwọn ọmọ ogun wa tó ti kú. Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970 ni ìjọba mú fún ìrántí náà. Gbólóhùn kan kì í wọ́n lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn: "àwọn akọni wa tó ti ṣubú." Ẹni tó ṣubú ṣì lè dìde. Ohun tí Yorùbá ń wí ni pé ó bógun lọ, ogun pa á, ó kú sójú ogun.

Ṣùgbọ́n Adékúnlé Fájuyì tó ni orúkọ ibẹ̀, ogun kọ́ ló pa á. Ó jagun ní Kóńgò, ó gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross, ó sì bọ̀ wálé láàyè. Àwọn sójà tó dìtẹ̀ ló pa òun àti àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun, ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966, nígbà tó ń ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn n'Íbàdàn. Ẹni ogójì ọdún ni. "Ó fọwọ́ rọrí kú" kò tọ́ sí i, nítorí àgbà tó sùn tí kò jí la fi ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ó wàjà" náà kò tọ́ sí i. Ti ọba nìyẹn, bíi Ewì Adó-Èkìtì. Ẹ má sì pè é ní abọ́bakú. Oyè ní í mú abọ́bakú kú, kò sí oyè kankan tó di ikú yìí ru Fájuyì. Ó bá àlejò rẹ̀ kú. Èmi ò tíì rí gbólóhùn tó ṣe rẹ́gí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú bàbá mìíràn wà tí a kì í gbé òdòdó fún. Ó lọ sógun Hítílà ní Bọ́má lọ́mọdé, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 tàbí 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó padà dé, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó gbé ọkọ́. Ajagunfẹ̀yìntì gidi ni. Rédíò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn di oyè àwọn ọ̀gá nìkan, ó sì ń dùn mí. Ẹni tó jagun, tó fẹ̀yìn tì, ajagunfẹ̀yìntì ni, ì báà jẹ́ sójà tí kò ní ipò kankan. Tó bá jẹ́ ọ̀gá la fẹ́ sọ, ọ̀gágun-fẹ̀yìntì wà ńlẹ̀. Fájuyì kò sí nínú méjèèjì, ẹnu iṣẹ́ ló kú sí.

Nígbà tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá wá kú, ẹ wo ohun tí à ń kọ sára pátákó: "ọkùnrin ẹbí," "ní ìrántí onífẹ̀ẹ́." Èdè ta nìyẹn? Àwọn mìíràn á tún kọ "olórí ẹbí," bẹ́ẹ̀ àgbà tó ń darí gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n olóògbé ló wà nípò náà. Ẹ kọ ọ́ pé ó gbọ́ bùkátà aya àti ọmọ. Ẹ kọ ọ́ pé àgbẹ̀ paraku ni, pé ó dáko kòkó, ó kọ ebè iṣu, kò jẹ́ kébi ó pa ilé rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé àárò rẹ̀ ń sọ yín.

Ìkíni náà ní ààlà. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó dàgbà kó tó kú là ń kí pé ẹ kú ìnáwó. Ẹni tó bá kí ará ilé Fájuyì bẹ́ẹ̀ ní 1966 ti ṣe wọ́n níkà. Ẹ kú ọ̀fọ̀ ni tiwọn. Bí ẹ kò bá mọ irú ikú tó pa olóògbé, ẹ kú àràfẹ́ẹ̀rakù kò ní ṣì yín lọ́nà nílé èyíkéyìí.