Bí A Ti Ń Tọ́jú Obì Kí Kòkòrò Má Ba À Jẹ Ẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olóko kòkó, púpọ̀ nínú yín ni ó ní igi obì láàrin kòkó rẹ̀. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀: obì àbàtà, aláwẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìbọ, àti gbànja, aláwẹ́ méjì, tí àwọn oníṣòwò ń kó lọ sí ilẹ̀ Haúsá, níbi tí a ti ń jẹ ẹ́ láti lé oorun àti àárẹ̀ lọ.

Àwọn kan rò pé inú agbọ̀n ni kòkòrò ti ń wọ obì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oko ni. Ibi tí èèpo òde bá ti là ni kòkòrò ń gbà wọlé láti yé ẹyin. Nítorí náà:

1. Ẹ ká obì kí èèpo rẹ̀ tó là.

2. Ẹ ṣa èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ kúrò lóko. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ ká.

3. Ẹ rẹ obì sínú omi, ẹ bó awọ funfun ara rẹ̀, kí ẹ sì yọ gbogbo èyí tí kòkòrò ti lu.

4. Nígbà tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, ẹ fi ewé tútù tẹ́ agbọ̀n, kí ẹ kó o sí i. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà gbogbo.

5. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sí i láé. A kì í se obì kí a tó jẹ ẹ́; oògùn náà yóò bá a dé ẹnu ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Obì ni a fi ń wúre pé kí ó bi ikú, kí ó bi àrùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ti ọwọ́ yín gbé àrùn wọ ilé onílé.