Fọ́nrán, Kíkan àti Ìdàgbà: Ọ̀rọ̀-Ìperí Mẹ́ta lórí Ìfun

Olùtumọ̀ lè kọ gbólóhùn yìí láìfura: 'Fọ́nrán oúnjẹ a máa mú kí awọ inú ìfun dàgbà.' Bí ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ìfun bá kà á, ó ṣeé ṣe kí ó sá fún ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Níbo ni àṣìṣe wà?

1. Fọ́nrán. Àwọn kan ń pe apá ewéko tí kì í dà nínú ìfun kékeré ní pàǹtí. A kò fara mọ́ ọn, nítorí pàǹtí ni ohun tí à ń dànù. Fọ́nrán oúnjẹ ni ó sàn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn nínú rẹ̀ a máa yọ́ sínú omi.

2. Kíkan. Ẹni tí ó ń sẹ́ ògì ní Ararọ̀mí-Òwu, ní Ìkirè tàbí ní Àpòmù mọ omíkan dáadáa. Ògì a máa kan. Irú kì í kan, bẹ́ẹ̀ bakitéríà ni ó ń ṣiṣẹ́ lára àwọn méjèèjì. Nítorí náà, kíkan kò lè dúró fún gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá ti ìfun ńlá mu rẹ́gí: níbẹ̀, níbi tí ọ́síjìn kò tó nǹkan, bakitéríà a máa sọ fọ́nrán di ásíìdì, pàápàá asitéètì, propiónéètì àti bútíréètì.

3. Ìdàgbà. Ibí ni ewu wà. Bútíréètì ni olórí oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì awọ inú ìfun ńlá. Bí a bá gba fọ́nrán lẹ́nu eku, awọ náà a máa tín-ín-rín. Síbẹ̀, nínú ìdánwò yàrá-ìwádìí, bútíréètì kan náà a máa dẹ́kun ìbísí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2015, 20 ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú jẹ oúnjẹ ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fọ́nrán tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ gòkè láti nǹkan bíi gíráàmù 14 sí 55. Bútíréètì wọn pọ̀ sí i, ìbísí sẹ́ẹ̀lì awọ ìfun wọn sì dínkù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè ru ẹrù méjèèjì. A dábàá ìsọdọ̀tun fún ti awọ tí ara rẹ̀ yá, àti ìbísí láìníjàánu fún ti jẹjẹrẹ. Gbólóhùn wa yóò wá kà báyìí: 'Fọ́nrán oúnjẹ, nípa kíkan nínú ìfun ńlá, a máa ran ìsọdọ̀tun awọ rẹ̀ lọ́wọ́.' Aláìsàn tí ó bá ka èyí kò ní í sá fún ẹ̀wà mọ́.