Èdè-Ìperí fún Ìsọdèdè-Ẹ̀rọ àti Ìfisípò Ètò Apèsè

Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù nínú ṣíṣẹ̀dá èdè-ìperí kì í ṣe wíwá ọ̀rọ̀ tuntun, bí kò ṣe yíya nǹkan méjì tí ó fara jọra sọ́tọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni Apache, ètò apèsè tí ó jáde ní 1995, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè. Bí olùkọ́ kan ní Ìdímù, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni bí a ti ń gbé ètò yìí sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ nílò.

(i) Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀: Èyí ni ohun tí ènìyàn fi èdè C kọ. Ènìyàn lè kà á. Ẹ̀rọ kò lè lò ó bẹ́ẹ̀.

(ii) Ìsọdèdè-ẹ̀rọ: Àṣẹ './configure' ni a kọ́kọ́ ń pa, láti mọ̀ bóyá irinṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ wà lórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ 'make' yóò sọ àkọsílẹ̀ di èdè ẹ̀rọ. 'Ìtumọ̀' kò bá èyí mu tán, nítorí ènìyàn ṣì lè ka ìtumọ̀. Gbágùúdá ni àfiwé tí ó sún mọ́ ọn: ẹni tí ó ní gbágùúdá lè fi ṣe láfún, fùfú tàbí gààrí, ṣùgbọ́n bí a bá ti rin ín, tí a fún un, tí a sì yan án di gààrí, kò tún lè di láfún mọ́.

(iii) Ìfisípò: Àṣẹ 'make install' ni yóò kó ètò náà lọ sí àyè rẹ̀, èyí tí í ṣe /usr/local/apache2 bí a kò bá yan ibòmíràn. 'Ìdásílẹ̀' kò tọ́ níhìn-ín. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ ni a ń dá sílẹ̀. Kí a sì kíyè sí i pé ìfisípò kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ètò náà kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí a ó fi pa àṣẹ 'apachectl start'.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tí ó ní òmìnira. Yorùbá ní ọ̀fẹ́, ó sì ní òmìnira. Nítorí náà, kí olùtumọ̀ má ṣe pe irú ètò yìí ní 'ètò ọ̀fẹ́' lásán. Owó ni ọ̀fẹ́ ń sọ; ẹ̀tọ́ láti ka àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ àti láti tún un ṣe ni kókó. Ẹni tí a fún ní gààrí lọ́fẹ̀ẹ́ kò tíì ní gbágùúdá.