Ta Ló Máa San Owó Oṣù Kejì?

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Carlisle, ìlú olódi tó wà lẹ́bàá ààlà England àti Scotland, gbọ́ nípa ogun tirẹ̀ tipẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 1745 ni Charles Edward Stuart ta àsíá ní Glenfinnan pé bàbá òun ló ni adé Britain. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, ó ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun ìjọba ní Prestonpans. Oṣù kọkànlá ló tó dé ẹnu odi Carlisle.

Àwọn aláṣẹ ò kúkú sùn. Wọ́n ti kó ẹ̀ṣọ́ jọ láti Cumberland àti Westmorland. Àwọn àlùfáà pàápàá ń gun òkè kàtídrà láti ṣọ́nà, awò tí ń mú ohun òkèèrè súnmọ́ lójú wọn. Àmọ́ owó oṣù kan ni òfin ìgbà náà là sílẹ̀ fún irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tán, àárẹ̀ mú wọn, ọkàn wọn ti padà sílé. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọ̀tá dó tì wọ́n, wọ́n ní àwọn ò jà mọ́, ìlú sì juwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù kọkànlá náà. Ìjọba pe Ọ̀gágun Durand tó ń ṣọ́ ilé olódi ìlú náà lẹ́jọ́ lórí èyí, wọ́n sì dá a láre. Èmi náà ì bá dá a láre.

Ní York, ìlú mìíràn ní England, ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn Prestonpans, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thomas Herring bá àwọn èèkàn tó péjọ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwé ló kàn: kí oníkálùkù kọ iye tí yóò san fún ààbò. Owó náà lé ní 30,000 pọ́n-ùn. Ogun ò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, nítorí náà n kò ní pè wọ́n ní akọni. Ìwé yẹn ni mo ń yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, kí ẹ tó ra fèrè àti tọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa san owó oṣù kejì sílẹ̀, àti ti ẹni tó máa gbapò ọdẹ tí àárẹ̀ bá mú. Ẹ ṣe é kí wọ́n tó gbàdúrà ìparí o, torí bí àwọn èèyàn bá ti dìde, ó di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.